Alùpùpù Tí Kì Í Dé Ofè

Alùpùpù àtijọ́ Bàbá Élodie tún kú sọ́nà Ofè.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí. Ó ń dé oko, ó ń dé ṣọ́ọ̀ṣì, Ofè nìkan ni kì í dé.

Bàbá Élodie tì í padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ fi oyin tó ń sẹ́ sílẹ̀, ó bu omi fún un. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ tún pàdánù ìpàdé àgbẹ̀ yín."

Rachad mẹkaníìkì wá bá wọn nílé, ó fọ kabúrétọ̀, ó fẹnu fẹ́ rọ́bà epo. Wọ́n mọ́ tónítóní. Ló bá ṣí ìdérí táńkì.

"Bàbá, wọ́n ti dí ihò atẹ́gùn ara ìdérí yìí. Tẹ́ ẹ bá ti rìn jìnnà, epo ò ní ṣàn mọ́."

"Kí ni wọ́n fi dí i?"

Rachad gbóòórùn rẹ̀. "Ìda oyin ni."

Bàbá Élodie yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

Oyin ló ń sẹ́ lọ ní tirẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá dé Ofè, ẹ bá mi kí opó tẹ́ ẹ ń bá ṣèpàdé."