Mọ́tò Tó Wọ Bàtà Gogoro

Bí ẹnì kan bá ń tú atẹ́gùn táyà mọ́tò yín, tó sì jẹ́ pé àárọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé bàbá yín lọ sọ́sibítù nìkan ló ń tú u, ta lẹ máa kọ́kọ́ fura sí?

Akunlé kan fura sí aránṣọ.

Mọ́tò náà kì í ṣe tuntun. Ọdún mẹ́fà ni akunlé ti ń wà á. Lọ́sẹ̀ tó kun ilé ìwé kan tán, ó yọ táyà kéékèèké tó bá a wá, ó ra mẹ́rin tó tóbi, tí rímù wọn ń dán bíi dígí. Fọkanáísà ní àfi kí wọ́n gbé ara mọ́tò sókè díẹ̀ kí táyà má baà máa ha á. Nígbà tí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀, adìyẹ kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láì tẹrí ba.

Aránṣọ náà, obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú, yọjú.

"Ẹ wá wò ó o, mọ́tò ti wọ bàtà gogoro! Ó ku kó kun ètè."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Akunlé kò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ló yìn ín jù.

"Ó dára," ni bàbá wí. "Òógùn ojú rẹ ni. Ó yẹ ọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni bàbá ń lọ sọ́sibítù. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, bàbá gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé inú mọ́tò. Akunlé ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wo fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí bàbá gun òun lẹ́yìn. Ó pọ̀n ọ́n bí ẹni pọn ọmọ, ó gbé e sórí àga.

"Ṣé ẹ ti wọlé?" Akunlé kò bojú wẹ̀yìn.

"A ti wọlé."

Bí wọ́n ṣe lọ náà ni wọ́n ṣe bọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá mú ìgò òróró lójú fèrèsé, ó fi pa ìbàdí, ó fi ọ̀já dì í le. Bàbá dùbúlẹ̀, ó ń wò ó. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá tún pọ̀n ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni táyà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọsibítù, kí oòrùn tó mú, akunlé a máa nu táyà, a sì máa ya fọ́tò mọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aránṣọ á máa gbálẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá á ti múra tán, á jókòó sórí àpótí nídìí táyà ẹ̀yìn, á máa fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tayín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, bàbá."

Bàbá á rẹ́rìn-ín. Akunlé á yà á mọ́ mọ́tò, á wọlé lọ wẹ̀. Kó tó jáde, táyà ẹ̀yìn á ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Kò sí àyè láti dúró de fọkanáísà. Takisí ni akunlé ń pè. Takisí kúrú, díẹ̀ ló fi kúrò nílẹ̀. Bàbá á kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, á wá fúnra rẹ̀ kó ẹsẹ̀ wọlé. Ìyá á wọlé tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìgò òróró kì í kúrò lójú fèrèsé.

Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, fọkanáísà ri táyà náà bọ omi. Kò rí ihò kankan.

"Táyà yìí ò lu. Wọ́n tú u ni." Ó tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fa nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. "Ṣóńṣó ìgbálẹ̀ rèé. Ó kán síbẹ̀."

Akunlé sún sẹ́yìn. "Ìgbálẹ̀? Oògùn nìyẹn! Wọ́n fẹ́ gbá bàbá mi kúrò láyé!"

"Oògùn kẹ̀? Atẹ́gùn tó jáde ni mo rí o, èmi ò rí oògùn."

Akunlé kò gbọ́. Ó gba ọ̀dọ̀ onílé lọ.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, onílé pe gbogbo wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Akunlé na fóònù sí i.

"Ẹ wò ó, sà. Aránṣọ ló dúró lẹ́yìn mọ́tò yẹn, tòun tìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ tí táyà tẹ́ ló wà nínú fọ́tò."

"Kí ni kí n wá fi gbálẹ̀?" ni aránṣọ wí. "Síṣọ́ọ̀sì? Torí mo ní mọ́tò wọ bàtà gogoro, ni mo ṣe di apààyàn?"

Onílé wo fọ́tò náà títí, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá aránṣọ, ẹni tó bá ń fi ẹ̀mí arúgbó ṣeré kò lè bá mi gbé. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ kó jáde."

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta! Ibo ni kí n kó wọn gbà?" ni aránṣọ wí.

Ìyá akunlé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí.

Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù náà fún òun, ó wo ara rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nídìí táyà, ó sì yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kúrò lẹ́nu: "Fi aránṣọ sílẹ̀, ọmọ mi, ẹ̀yìn ìyá rẹ ló ń dùn mí, èmi ni mo ń tú táyà náà."