Ike Ọṣẹ Tó Ní Ewé Lára

Kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó dé láàárọ̀ Sátidé, télọ̀ ti gbá yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: ike ọṣẹ ìfọwọ́ tó wà létí básíà. Wọ́n lẹ bébà tí wọ́n ya ewé tútù sí mọ́ ọn lára, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọṣẹ yìí kì í ba omi jẹ́, kì í pa ilẹ̀ lára. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́ràn ewé yẹn bí ẹyin ojú. Kì í ra òmíì. Ṣùgbọ́n apá télọ̀ ò ká a. Òfìfo ike ló gbà lọ́wọ́ oníbàárà kan, láti oṣù mẹ́fà ló sì ti ń rọ ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú sínú rẹ̀.

"Má parọ́ fún màmá mi o," àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. "Ẹni tó wá ṣáájú rẹ yá mọ́tò, ó ní tòun ni. Kò tíì mu omi tá a gbé fún un tán tí màmá fi lé e."

Ìyá dé. Ó yẹ aṣọ tí télọ̀ rán wò, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wá fẹ́ fọwọ́. Ó gbé ike náà, ó fi àtàǹpàkò ra ewé ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rín bá poora lẹ́nu rẹ̀. Ó kọjú ewé náà sí ògiri, ó fi omi lásán ṣan ọwọ́.

"Màmá, ẹ ò lo ọṣẹ ni? Gidi nìyẹn o! Ọkọ mi kì í ra jákujàku," ni ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì wọ́n wí.

"Ọwọ́ mi ò dọ̀tí," ni ìyá fèsì.

Látìgbà yẹn, kò wojú télọ̀ mọ́. Òógùn bo télọ̀. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe jáde lọ ra búrẹ́dì báyìí, télọ̀ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ìyá.

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ìtìjú ló jẹ́ kí n ṣe é. Ọṣẹ pọ́ọ́kú ló wà nínú ike yẹn."

Ìyá ń wo ilẹ̀. "Ṣé ọmọ mi mọ̀?"

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un. Ẹ ṣáà má lé mi."

"Pa á mọ́nú, ọmọ mi, mo ti fún ẹ níyàwó," ni ìyá wí láìgbójú sókè, "ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lẹ ewé yẹn mọ́ ike nílé iṣẹ́ ọṣẹ wa, inú àgbá kan náà la ti ń bu ti pọ́ọ́kú àti ti eléwé olówó gọbọi, kò sì sójú tí màá fi sọ ọ́ fún ọmọ tó ń fi owó oṣù rẹ̀ rà á."