Idì Àyálò

Tolegen dojú bolẹ̀ sẹ́yìn àpáta, itan ehoro tí yóò fi pe idì rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, yìnyín sì ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Idì tirẹ̀ ni Jarkin gbé bọ̀ lókè yẹn, ìbòjú awọ lójú ẹyẹ náà. Ọwọ́ kejì ló fi di bàbá rẹ̀ mú.

Idì bàbá náà, Bashakan, ti kú. Tí idì bá ti ń bá ọdẹ pa ẹran pẹ́, àṣà wọn ni kí ọdẹ dá a padà sórí òkè, kí ó pa àgùntàn kan tì í. Bàbá ò ríran mọ́, àìsàn sì ti jẹ ẹ́ ku egungun. Kí òun tú idì tó ń pè ní ọmọ òun sílẹ̀ kí òun tó kú, ohun tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Jarkin ò lẹ́nu láti sọ fún un. Ó sin òkú ẹyẹ sẹ́bàá odò, ó lọ yá ti Tolegen.

“Tí Bàbá bá pè é ńkọ́?” Tolegen ti bi í. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpè tirẹ̀, idì kì í sì í dá ẹlòmíràn lóhùn.

“A ti tẹ́ nìyẹn.”

Lórí òkè, Bàbá jókòó, ó gba ẹyẹ náà sórí ìbọ̀wọ́, ó ń fọwọ́ pa á lára. Nígbà tí ìka rẹ̀ kan ẹsẹ̀, níbi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gé èékánná kan sọnù, ó dúró díẹ̀. Ti Bàbá, èékánná rẹ̀ pé.

“Ó sanra o.”

“Mo ń bọ́ ọ dáadáa ni, Bàbá.”

“Ìwọ tí ìyàwó ẹ rù bí igi ìdáná?”

Tolegen fi eyín di apá ẹ̀wù kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Bàbá ṣí ìbòjú náà. “Bísímílà. Ohun tí mo jẹ lára ẹ, ọmọ mi, fi jì mí. Máa lọ.”

Idì na ìyẹ́, ó gbéra.

“Ó ti lọ?”

“Ó ti lọ, Bàbá. Ó ń ga sí i.”

Bàbá la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pè é. Jarkin di ojú. Bàbá pa ẹnu dé.

“Mi ò ní pè é. Ẹni tó ti lọ, a kì í pè é padà.”

Ni ẹkún bá gbọn Jarkin. Bàbá wá orí rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ pa á bó ṣe fi pa ẹyẹ lára.

“Ó tó. O ti ṣe é fún mi. Lọ tú ẹṣin wá.”

Jarkin sọ̀ kalẹ̀ lọ.

“Tolegen,” ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, láìyí ojú padà, “pe idì ẹ kó tó jìnnà; tèmi ti tutù lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kí Jarkin tó jí, má sì sọ fún un.”