Ọ̀nà Ìjọra Dá Páropáro

Èmi àti Godstime ò rí ojú ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ yìí fún wa rí. Ohùn ẹ̀ lórí fóònù nìkan la mọ̀.

Iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ní. Ó ń bá iléeṣẹ́ míì ṣẹjọ́, lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ kan.

"Ọ́fíìsì wọn wà ní Olódì-Àpápá. Lánlọ́ọ̀dù ti kọ ìwé ilé tuntun lórúkọ mi, ṣùgbọ́n ẹrù wọn ṣì wà níbẹ̀. Tó bá di aago mọ́kànlá, ẹ fọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ lù ú. Ẹ má gbọ́ àlàyé kankan."

Kò sẹ́ni tó ń tètè dé Àpápá, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tírélà. Lónìí, kò sí tírélà kan ṣoṣo lọ́nà Ìjọra.

Aago mẹ́wàá la dé.

Kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ń kó ìwé tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ sí sínú báàgì, ó ń kánjú.

Godstime fi irin gbá a lẹ́yìn. Ó dojú bolẹ̀.

"Ẹ dúró! Èmi ni mo..."

Mo fi bàtà gbá a lẹ́nu. Eyín fọ́n ká.

"No let am talk o!" Godstime pariwo.

A ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. A lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi rin gbogbo ìwé yẹn, títí kò fi mira mọ́.

Mo wá pe ọ̀gá, kí n sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí.

Fóònù ẹ̀ dún.

Àpò ṣòkòtò ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yẹn ló ti ń dún.