Ọkọ̀ Tí Bàbá Ní Kí Wọ́n Lọ Yọ́

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó ń ra irin àlòkù ní àwọn máa wá gbé mọ́tò náà, aago méjì sì ti kọjá. Pẹ́ńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó ń wo títì bí ẹni tó ń retí dókítà.

Iṣẹ́ kíkun mọ́tò ló ń ṣe. Ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ ti rí kì í ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí irú èyí. Imú rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ rọra dà wálẹ̀ bí èjìká obìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́. Ó dájú pé ẹni tó yà á kò fi rúlà yà á. Bàbá Pẹ́ńtà wà á fún ọdún kan péré, ó gbé e wọ gáréèjì, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Pẹ́ńtà nígbà náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé.

Báyìí, Bàbá wà lórí ibùsùn nínú yàrá tó kángun sí gáréèjì. Àwọn dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti gbé e lọ?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Ohun ẹ̀ṣọ́ ni ọkọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n lọ fi iná yọ́ ọ. Má jẹ̀ẹ́ kí n kú kó ṣì wà nílé yìí." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Pẹ́ńtà gbà pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan débi pé kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án kì í ṣàdédé kórìíra rẹ̀. Ó ya fọ́tò mọ́tò náà, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó sì bẹ ayé: ẹni tó bá mọyì rẹ̀, kó tètè wá o. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá, ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ yọ. Ẹnì kejì ní àga rẹ̀ ni òun fẹ́, òun á gbé e sí pálọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dákẹ́.

Aago mẹ́ta kù díẹ̀ ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé. Ó tó ẹgbẹ́ Pẹ́ńtà. Ó rọra rìn yí mọ́tò náà ká, ó gbọ́wọ́ lé iwájú rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

"Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe irú imú yìí," ó ní. "Lọ́dún kejì wọ́n ti fi rọ́bà bò ó. Wọ́n ní irin ẹ̀ ti mú jù." Ó wo iná ọ̀tún. "Èyí kì í ṣe tiẹ̀. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́."

Orí Pẹ́ńtà wú. "Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá! Ibo lẹ ti kọ́ gbogbo èyí?"

"Nínú ìwé àwòrán. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo fi odindi ọdún kan dùbúlẹ̀ sí ọsibítù nítorí ẹsẹ̀ mi. Àwòrán mọ́tò ni mo ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ́ ọ?"

"Wọn ò ní yọ́ ọ."

Díẹ̀ ló kù kí Pẹ́ńtà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ wá sọ ọ́ fún Bàbá fúnra yín. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀."

Nínú yàrá, obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó náà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kan kò ká. Ó fọwọ́ di etí ibùsùn mú, ó tẹrí ba.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni Pẹ́ńtà wí tayọ̀tayọ̀. "Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ yín rèé."

Bàbá wo orúnkún náà, ó wo ojú rẹ̀ títí, ó wá ní, "Ṣé ìwọ ló ń ké pe ìyá ẹ lójú títì nígbà tí mo wa mọ́tò sá lọ?"