Ìlù Inú Orin Ìkẹyìn

Ọmọ onílù ẹgbẹ́ búlúùsì kan ló ń fi ẹ̀rọ tún ohùn àwo orin kejì ẹgbẹ́ náà ṣe nílé ìgbohùnsílẹ̀ wọn, ogójì ọdún lẹ́yìn tó jáde.

Kò rí bàbá rẹ̀ rí. Wọ́n ní alẹ́ tí wọ́n bí òun ló bínú kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó gba orin ìkẹyìn sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kan ilé mọ́.

"Ta wá lu ìlù orin ìkẹyìn yìí, Bàbá?" ló bi akọrin àgbà ẹgbẹ́ náà.

"Àpótí ni mo lù," ni akọrin àgbà dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣá má pa ohùn gìtá yẹn o."

Ó pa ohùn gìtá náà lórí ẹ̀rọ.

Ìlù tí gbogbo ayé ń jó sí ló kù: gbì, gbì, gbì.

Ohùn kan ń ké lábẹ́ ẹ̀: "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Ìyàwó mi ń rọbí!"

Ó fò dìde.

Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣebí mo ní kí o má pa gìtá."