Jogbo Yọ Òdòdó Nílé Àyọ̀ká

Àyọ̀ká kò tíì bọ́jú tó fi dé ìdí jogbo tó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bó ti ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, ewé nìkan ló sì máa ń bá níbẹ̀. Lónìí, òdòdó kan ti là, ó pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ bí ọsàn tó gbó. Ó fi ahọ́n kan ètè. Ètè ti gbẹ.

Òfin ìlú ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí ẹnìkejì kú ọyẹ́ àfi tí jogbo bá yọ òdòdó lágbàlá ẹnìkan. Onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ kí, ilé ọwọ́ òsì rẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jẹ́níyì ló ń gbé lọ́wọ́ òsì Àyọ̀ká. Láti ọjọ́ tí àwọn adìyẹ ọkùnrin náà ti tú ìdí jogbo yìí ni wọn ò ti kíra mọ́.

Ta ló ń rántí adìyẹ? Àyọ̀ká ti ń sáré. Ó kanlẹ̀kùn, Ọ̀jẹ́níyì sì yọjú, ó fajú ro.

“Bàbá Ìyanu, ẹ kú ọyẹ́.”

Ẹ̀rọ orí òpó iná, tó máa ń fọn fèrè lé ẹni tó bá kíni kú ọyẹ́ láìtọ́, dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọ̀jẹ́níyì wọlé padà, ó sì gbé igbá òrí kékeré kan jáde. Òrí náà ti pẹ́ débi pé ó ń rùn.

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ fi pa ètè, ìyá. Ẹ kú ọyẹ́.”

Ó já lu ọ̀nà láìwọ bàtà, ó ń sáré lọ kí ará ilé ọwọ́ òsì tirẹ̀. Ó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Gbogbo adìyẹ rẹ̀ tò jáde, wọ́n forí lé ìdí jogbo. Àyọ̀ká rí wọn, ó sì rẹ́rìn-ín títí ètè rẹ̀ fi là.